Koríko Tútù Ẹ̀yìn Gáréèjì Orrin Tveit

Ní ìlú wa, Tamarack Fork, lápá ìwọ̀-oòrùn Montana, ohun méjì wà tí ẹnì kan kì í bi ẹnì kejì rẹ̀: odò tó ti ń rí ẹja pa, àti bí ẹ̀tù ìbọn tó wà nínú àjà-ilẹ̀ ilé rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bí o bá bi í, irọ́ ni yóò pa fún ọ, kò sì ní kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Pásítọ̀ wa, tó ń wàásù lórí ẹ̀rí èké lọ́dọọdún, mo ti fi etí ara mi gbọ́ tó ń sọ pé òun ò ní ẹ̀tù kankan nílé. Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó wà lẹ́yìn dùùrù rẹ̀.

Orrin Tveit ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, èjìká rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ilé iṣẹ́ pákó ló sì ti ń la igi títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ilé wa dojú kọ ara wọn. Gbogbo ìlú ló ń pè é ní Tíṣà, nítorí òun ló kọ́ gbogbo wa, àti àwọn ọmọ wa, bí a ṣe ń gbé ìbọn láìṣe ara wa léṣe. Tó bá sì di ìgbà òtútù, òun náà ló ń kọ́ àwọn àgbà, nínú gbọ̀ngàn àwọn panápaná, bí a ṣe ń fi ọwọ́ ara ẹni rọ ọta.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí ìbọn bá dún tán, kòròfo idẹ ló kù. O ṣà á, o fọ̀ ọ́, o ki ìṣáná tuntun bọ̀ ọ́ nídìí, ìyẹn fìlà kékeré tí irin ìbọn máa ń lù kí iná tó ràn. O wọn ẹ̀tù sínú rẹ̀, o fi ẹ̀rọ tẹ òjé mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì di ọta padà. Ẹni tí kò ṣe é rí á ní kí ló dé tí ẹ ò kúkú ra ti ilé ìtajà. Ẹni tó ń ṣe é kò ní dá a lóhùn. Orrin kò ra ọta ilé ìtajà rí láti ọjọ́ tó ti gbé Marlys níyàwó, ó sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òun ò jalè rí.

Ní òkè tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ nínú gáréèjì, ó gbé pátákó kan kọ́. Ọ̀dà pupa ló fi kọ ọ́ pé: AGOLO KAN LÓRÍ TÁBÌLÌ. Ìdí ni pé ẹ̀tù ju oríṣi kan lọ. Èyí tó ń jó wàràwàrà wà fún ìbọn ìléwọ́, èyí tó ń jó pẹ̀lẹ́ wà fún ìbọn gígùn, ojú àwọn méjèèjì sì jọra bí iyanrìn ṣe jọ iyanrìn. Bí o bá ṣèèṣì da ti ìléwọ́ sínú ọta ìbọn gígùn, ìbọn á fọ́ mọ́ ọ lójú, àwọn ẹbí rẹ á sì máa ṣa ọ́ nínú igbó bí ẹni ṣa olú. Nítorí náà, bí agolo kan bá wà lórí tábìlì, ìkejì gbọ́dọ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí iyèméjì bá sì wọlé, òfin kejì ni pé koríko ló ni ẹ̀tù náà. Dà á sílẹ̀. Ajílẹ̀ gidi ni, koríko fẹ́ràn rẹ̀ ju àwa lọ.

Òfin yìí rọrùn nígbà tí ẹ̀tù kún ilé ìtajà. Nígbà tó yá, ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ìṣáná ìdí ọta, tí a máa ń rà bí ẹni ra iyọ̀, di ohun tí èèyàn ń fi ṣe ẹ̀bùn ìgbéyàwó. Rhonda Beeler, tó ń ta irinṣẹ́ àti oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, lẹ ìwé kan mọ́ ibi tí ẹ̀tù máa ń wà tẹ́lẹ̀: "Ẹ má bi mí." Àwọn kan ní ogun òkè òkun ló fà á. Àwọn kan ní ìjọba ni. Àwọn kan ní àwọn ará California tó ń kó wọ̀lú ni, nítorí kò sí ohun tí a kò lè fi lé wọn lọ́rùn. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ ni pé gbogbo wa ti ra èyí tí a máa lò títí di ọjọ́ ikú wa, a wá ń bú ẹni tó rà á tán.

Ọdún yẹn gan-an ni kèké mú Marlys.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa Marlys kí n tó tẹ̀ síwájú. Obìnrin kúkurú tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni, tó ń ṣe páì huckleberry, èso dúdú inú igbó wa, tí àwọn èèyàn máa ń tìtorí rẹ̀ wá sí ìsìnkú ẹni tí wọn ò mọ̀. Òun ló mọ ìbọn yìn jù nínú ilé náà. Gbogbo ìlú mọ̀, Orrin náà mọ̀, a kàn kì í sọ ọ́ nídìí oúnjẹ ni. Ìbọn baba rẹ̀ ló ń lò, ìbọn àtijọ́ tí wọ́n máa ń fa irin abẹ́ rẹ̀ kí kòròfo tó fò jáde. Àwọn tó ń ṣe ọta kì í sábà rántí ṣe ti ìbọn yìí; wọ́n ń rántí rẹ̀ bí a ṣe ń rántí àbúrò ìyá ẹni tó wà lókèèrè, tó bá ti kú tán. Ohun tí Orrin bá rọ fún un nìkan ló ń yìn.

Ní ti kèké, ìjọba kì í jẹ́ kí gbogbo èèyàn wọ àwọn òkè kan lọ pa akọ elk, àgbọ̀nrín ńlá tí ìwo rẹ̀ dà bí àga tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Èèyàn á fi orúkọ sílẹ̀, wọ́n á ṣẹ́ kèké. Marlys ti ń fi orúkọ sílẹ̀ láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn wọn ti wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àbíkẹ́yìn náà ti lóyún báyìí.

Orrin wà nídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí èsì dé. Nítorí pé nǹkan ti wọ́n, ó kó gbogbo ohun tó ní jáde láti wo ohun tó kù, bí ahun ṣe máa ń kó owó rẹ̀ jáde wò. Ẹ̀tù ìbọn gígùn tó kù, ó ti da èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sínú ife gíláàsì tó wà lórí ẹ̀rọ ìwọ̀n. Tàbí kó jẹ́ ti ìléwọ́ ló dà sínú rẹ̀. Ohun tí a máa mọ̀ tó bá yá nìyẹn, tàbí tí a ò ní mọ̀ láé. Marlys já wọlé, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹ̀fun lápá.

"Orrin! Wọ́n mú mi!"

"Ọlọ́pàá?"

"Kèké, ìwọ ọkùnrin yìí! Kèké mú mi!"

Wọ́n jó. Ijó àwọn ará Norway, ibi tí àwọn baba ńlá wọn ti wá, ni, ìyẹn ni pé wọ́n dúró gbọnrangandan, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Orrin sì sọ fún un, mo gbọ́ ọ láti ojú pópó, pé: "Èmi ni màá rọ ọta náà. Irú èyí tí mi ò rọ rí." Wọ́n jáde lọ jẹ oúnjẹ ọ̀sán nílé kọfí. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ọmọ wọn fi bímọ ní Spokane, wọ́n wakọ̀ lọ, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí Orrin padà sídìí tábìlì, òdòdó ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

Ẹ̀tù wà nínú gíláàsì. Agolo méjì wà lórí tábìlì, ìdérí àwọn méjèèjì ṣí sílẹ̀, ìyókù díẹ̀ ló sì wà nísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pátákó wà lókè wọn.

Mo rí i láti ojú fèrèsé mi, nítorí ilẹ̀kùn gáréèjì ṣí. Ó jókòó. Ó dìde. Ó gbé gíláàsì náà sí ìmọ́lẹ̀. Ó fi díẹ̀ sáàárín ìka, ó gbóòórùn rẹ̀, ó jáde síta, ó wo ojú ọ̀run, ó tún wọlé. Bí ó bá jẹ́ ti ìbọn gígùn, gbogbo ọdẹ tí Marlys fẹ́ lọ wà nínú rẹ̀, nítorí èyí tó kù sísàlẹ̀ agolo kò lè kún ọta méjì. Bí ó bá jẹ́ ti ìléwọ́, ikú Marlys ni. Ó tún jókòó. Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé gíláàsì náà lọ sẹ́yìn gáréèjì, ó dà á sílẹ̀, ó sì ṣí fìlà dúró níbẹ̀; mo ti sọdá títì kí n lè rí i. Mo rò pé ológbò wọn ló kú.

Kò sọ fún Marlys. Ó rò pé òun á rí òmíràn kó tó di pé ó béèrè. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ lọ bá ni Dwayne Kuchera, aládùúgbò rẹ̀, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ pín lẹ́tà kó tó fẹ̀yìn tì. Orí ọgbà tó pààlà ilé wọn ni wọ́n ti máa ń sọ̀rọ̀.

"Dwayne, ṣé kò sí ẹ̀tù tó ń jó pẹ̀lẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ? Díẹ̀ ni mo fẹ́."

"Èmi? Kí n ti rí i níbo? Ìwọ náà ńkọ́, ìṣáná ìdí ọta tí mo tọrọ lọ́wọ́ rẹ nígbà Àjíǹde?"

"Mo ti sọ fún ọ nígbà yẹn. Kò sí."

"Tèmi náà, kò sí."

Wọ́n wo ara wọn bí díákónì méjì tó pàdé ní ẹnu ọ̀nà ilé ọtí, oníkálukú wọlé lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, Orrin kò lè fìdí kalẹ̀ mọ́. Bó bá dé ilé ìtajà Rhonda láti mu kọfí àárọ̀ pẹ̀lú wa, á gbé ife, á gbé e sílẹ̀, á lọ wo ibi tí wọ́n kọ "Ẹ má bi mí" sí, bóyá ìwé náà ti yí ọkàn padà.

"Tíṣà, ẹ jókòó," ni Rhonda á wí. "Ìwé yẹn ò ní bímọ."

"Mo kàn ń wò ó ni."

"Ẹ ti wò ó lánàá."

Ó gbìyànjú láti rà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fẹ́ gbà láti gbé ẹ̀tù náà wá ju owó ẹ̀tù náà lọ. Ó ní òun ò lè san owó ọkọ̀ fún agolo. Ó ní kí n bá òun lọ sí ọjà ìbọn ní Missoula. Ní igun kan níbẹ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan gbé agolo kan sílẹ̀ tí èdìdì rẹ̀ kò tíì já, irú èyí gan-an. Orrin béèrè iye rẹ̀. Ọkùnrin náà sọ ọ́.

"Ẹ̀tù ni mo béèrè," ni Orrin wí, "mi ò béèrè ilẹ̀."

"Bàbá, ẹ yí ọjà ká. Ẹ̀ ń bọ̀ wá bá mi."

A yí ọjà ká. Mo rí i pé kò wo ohunkóhun. Ó kàn ń rìn kí inú lè rọ̀ ọ́. Nígbà tí a padà, agolo ti lọ.

"Ta ló rà á?"

"Ẹnì kan tí kò béèrè ilẹ̀."

Láti Missoula délé, kò sọ ju pé kí n wo iwájú lọ, èmi kọ́ sì ni mo ń wakọ̀.

Marlys ń béèrè ní tirẹ̀. Ó fẹ́ lọ sí pápá lọ gbìyànjú ìbọn.

"Orrin, ọta mi ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ lọ́nà."

"Ìwọ tí o máa ń rọ ọta kí yìnyín tó yọ́ lórí òrùlé?"

"Ohun tó dára kì í yá."

Ó sì ń sá fún ojú rẹ̀. Ó fi ọ̀dà kun ọgbà. Ó fi òróró ra bàtà rẹ̀ títí bàtà náà fi ń yọ̀ lẹ́sẹ̀. Ó tún ilẹ̀kùn tí kò bàjẹ́ ṣe títí ó fi bàjẹ́. Mo ní kó sinmi, ó ní òun ń sinmi, ó gun àkàbà.

Orí àkàbà náà ló wà lóṣù kẹjọ, ó ń tún ọ̀nà tí omi òjò ń gbà kúrò lórí òrùlé gáréèjì ṣe, èmi ni mo sì di àkàbà mú. Ọ̀dá dá lọ́dún yẹn, iná ń jó nínú igbó lápá àríwá, ìlú ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe bomi rin àgbàlá. Koríko gbogbo wa ti pọ́n bí irun ẹṣin. Marlys gba ẹ̀yìn gáréèjì kọjá láti lọ sá aṣọ. Ó dúró.

"Orrin."

"Hẹn."

"Sọ̀kalẹ̀ wá wo nǹkan."

"Mo ń ṣe nǹkan lọ́wọ́."

"Nǹkan tí o ti ṣe ni mo ní kó o wá wò."

Ó sọ̀kalẹ̀. Èmi náà tẹ̀ lé e. Bí n bá lọ sílé, ta ló máa sọ ọ́ fún yín? Láàárín koríko tó ti kú, ibì kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀ tó bàsíà ìfọṣọ, tó tutù yọ̀yọ̀, tó ga dé kókósẹ̀, tó ń dán bí ẹni pé ọba ló fẹ́ sùn níbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni ní Tamarack Fork tí kò mọ ohun tó ń mú koríko rí bẹ́ẹ̀.

"Èló lo dà síbí?"

"Díẹ̀."

"Díẹ̀ kì í tutù báyìí."

Orrin wo bàtà rẹ̀. "Gbogbo rẹ̀ ni."

"Kí ló fà á?"

"Agolo méjì ló wà lórí tábìlì."

Marlys nawọ́ sí gáréèjì. "Lábẹ́ pátákó yẹn?"

"Lábẹ́ pátákó yẹn gan-an."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí apẹ̀rẹ̀ aṣọ tútù. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀, ó sì dìde.

"O dà á nù, o ṣe dáadáa. Ojú mi ṣì wà lórí mi, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà òdòdó ni o ti mọ̀, tí o sì ń jẹ́ kí n máa béèrè ọta bí ẹni béèrè ọmọ lọ́wọ́ àgàn? Ọdún kan péré ni ìwé àṣẹ ọdẹ yẹn ń lò, Orrin. Kèké ò tún ní mú mi mọ́ kí n tó kú."

"Mo rò pé màá rí òmíràn."

"O ti wá a níbo?"

"Níbi gbogbo. Mo bi Dwayne."

"Kí ni Dwayne sọ?"

"Ó ní òun ò ní."

Marlys fi ọwọ́ nu ojú. "Ìṣáná ìdí ọta ńkọ́? Ṣé ìyẹn wà?"

Orrin wo ojú mi. Mo wo òkè. Ẹyẹ kan ń kọjá.

"Orrin, mo ní ṣé ó wà?"

"Páálí kan," ló wí láàárín eyín. Lẹ́yìn náà, "Tàbí méjì. Lẹ́yìn fìríìsà."

"Ìṣáná tí Dwayne wá tọrọ nígbà Àjíǹde?"

"Mo ní mi ò ní."

"O parọ́ fún Dwayne."

"Kì í ṣe irọ́. Gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Dwayne náà ńkọ́, nígbà tó ní òun ò ní ẹ̀tù?"

"Dwayne?" Orrin na ara rẹ̀ tó tẹ̀. "Dwayne ò lè parọ́ fún mi láé. Ọ̀rẹ́ mi ni."

A jẹ́ kó gbọ́ ohun tó sọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbọ́ ọ.

Ó ní òun ò lè lọ bá a. Ó ní báwo ni òun ṣe máa sọ ọ́, òun Tíṣà, pé agolo méjì, pé ìṣáná ń bẹ látọjọ́ yìí wá. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ lórí koríko gbígbẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ la ọ̀nà síbẹ̀. Marlys kò dá sí i. Ó rìn lọ sídìí ọgbà, ó gbé ẹsẹ̀ lé pákó ìsàlẹ̀.

"Dwayne! Ṣé o wà nílé?"

Dwayne jáde, aṣọ ìnuwọ́ ń bẹ léjìká rẹ̀.

"Orrin ń tún ẹ̀yìn fìríìsà ṣe láàárọ̀ yìí," ni Marlys wí, ojú rẹ̀ kò yí rárá, "ó sì ṣalábàápàdé páálí ìṣáná ìdí ọta kan. Ó ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Mo ní ó dà bí ẹni pé Dwayne ń wá a."

Dwayne fa aṣọ ìnuwọ́ náà kúrò léjìká. Ó wo Marlys, ó wo Orrin tó dúró lẹ́yìn bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n pe ìyá rẹ̀, ó wo èmi.

"Ìyanu ni," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ìyanu gbáà. Nítorí pé èmi náà ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ amúlégbóná lánàá ni."

Ó wọlé, ó sì gbé agolo ẹ̀tù kan jáde; Orrin náà ti sáré lọ gbé páálí ìṣáná wá láti ẹ̀yìn fìríìsà. Èdìdì agolo náà wà níbẹ̀ láìjá, eruku kankan kò sì sí lára rẹ̀. Ìwé iye owó tí Rhonda lẹ̀ mọ́ ọn ṣì mọ́ kedere, ọjọ́ ìgbà Àjíǹde gan-an ló sì wà lórí rẹ̀. Orrin wo ìwé náà. Dwayne wo páálí ìṣáná, tí òun náà mọ́ tónítóní. Àwọn méjèèjì gbé nǹkan lé ara wọn lọ́wọ́ lórí ọgbà, kò sẹ́ni tó ṣẹ́jú.

"Ẹ̀yìn ẹ̀rọ amúlégbóná rẹ mọ́ dáadáa," ni Orrin wí.

"Ẹ̀yìn fìríìsà tìrẹ náà." Dwayne yí padà, ó tún dúró. "Mo ti ń wo koríko yín láti fèrèsé òkè mi láti oṣù kẹfà. Ó dára púpọ̀. Kí lẹ fi ń bomi rin ín?"

"Àdúrà," ni Orrin wí.

"Mo rò bẹ́ẹ̀," ni Dwayne wí.

Lọ́jọ́ kejì, gáréèjì ṣí, agolo kan ṣoṣo sì wà lórí tábìlì. Mo tún rí i tó ń dìde lọ wo kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń padà jókòó, tó tún ń dìde lọ wò ó bóyá agolo kejì ti rìn jáde fúnra rẹ̀.

Ní òpin oṣù kẹwàá, àwa mẹ́rin la gun òkè náà: Marlys àti Orrin níwájú, èmi àti Dwayne lẹ́yìn, nítorí elk kì í ṣe ẹran tí ẹni méjì lè rù sọ̀kalẹ̀. Yìnyín ti bo gbogbo ilẹ̀. Orrin kò lè dúró jẹ́ẹ́. Ó ń fi ọwọ́ kan àpò, ó ń béèrè lọ́wọ́ Marlys bóyá ọta náà gbẹ, bóyá ó tutù jù, títí Marlys fi ní bí kò bá panu mọ́, òun á yìn ín, ọta kan ni yóò sì ná òun.

Lẹ́yìn náà, ìbọn dún. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Èmi àti Dwayne dúró, a tẹ́tí, kò tún dún. A sáré gun òkè bí ọjọ́ orí wa ṣe gbà wá láyè.

Marlys dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kan, ìbọn baba rẹ̀ lọ́wọ́. Orrin wà lórí eékún àti ọwọ́ nínú yìnyín, ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ń fi ìka wúwo gbá yìnyín yí po bí adìẹ tó ń ta ilẹ̀.

"Ṣé ó ṣubú ni?" ni Dwayne béèrè.

"Ẹran ti ṣubú," ni Marlys wí, ó fi ojú tọ́ka sí ìsàlẹ̀ òkè. "Ó ti pẹ́."

"Kí ni Tíṣà ń wá?"

"Kòròfo," ni Orrin wí láìgbé orí sókè. "Ẹ má tẹ ibẹ̀! Ẹ sún sẹ́yìn! Mi ò gbọ́ ìgbà tó bọ́ sílẹ̀. Ṣé ẹ mọ iye tí idẹ ìbọn yìí ń jẹ́ báyìí? Kò sẹ́ni tó ń tà á mọ́."

A sún sẹ́yìn. Ó gbá yìnyín dé ìdí igi, ó gbá a padà. Marlys jẹ́ kó wá a díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ kan bo orí ìbọn, ó rọra fa irin abẹ́ rẹ̀, kòròfo idẹ náà sì bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Inú ìbọn ló wà látìgbà yìí.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni mo yìn ín," ló wí. "Kí ni mo fẹ́ fa irin fún?"

Orrin dìde, yìnyín lẹ̀ mọ́ ọn ní eékún. Ó gba idẹ náà, ó yẹ ìdí rẹ̀ wò, ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, ó fi sínú àpò àyà rẹ̀, ó sì de bọ́tìnnì rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó béèrè pé níbo ni elk náà wà.